Lórí odò Ọya ni wọ́n ti kọ́kọ́ so owó àlejò mọ́ àtúnṣe ìlú

Òkun o, gbogbo ilé.

Ìgbàkígbà tí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá ó yẹ kí àwọn orílẹ̀-èdè olówó máa fi ìdìbò àti òmìnira ṣe májẹ̀mú kí wọ́n tó yá wa lówó, ẹnìkan á ṣáà sọ pé ọdún 1990 ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Ààrẹ Mitterrand ilẹ̀ Faransé kó àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà jọ sí La Baule, tó ní ìrànlọ́wọ́ yóò máa tẹ̀ lé ìdìbò àti òmìnira. Ẹni tó kàwé jù ú lọ á ní rárá o, ọdún 1944 ni, ní Bretton Woods, níbi tí wọ́n ti dá Báńkì Àgbáyé àti IMF, àjọ tó ń yá orílẹ̀-èdè lówó, sílẹ̀. Ọmọ Ìjùmú ni mí, mo sì mọ ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Lápá odò Ọya yẹn, ní 1841, ni mo gbà pé wọ́n ti kọ́kọ́ gbé ẹ̀bùn ka iwájú ọba aláwọ̀ dúdú kan, tí wọ́n ní kó tó di tirẹ̀, kó kọ́kọ́ tún ìlú rẹ̀ ṣe bí àwọn ṣe fẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á na Madagascar sí mi: ní 1817 àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí owó àti ìbọn lọ́dọọdún fún Ọba Radama kó lè jáwọ́ nínú títa ẹrú sókè òkun. Owó gbà-máà-bínú nìyẹn, torí èrè tó máa pàdánù. Kò sẹ́ni tó ní kó tún ilé rẹ̀ tò. Ẹ jẹ́ ká fi Madagascar sílẹ̀.

Kí n tó dé etí odò, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí inú èdè wa gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti ta gbòǹgbò. Yorùbá ya "wín" sọ́tọ̀ sí "yá". Ẹni tó wín iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò kò ní dá iyọ̀ yẹn padà mọ́, ó ti sè é jẹ. Iyọ̀ mìíràn ni yóò bù dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó yá ọkọ́, ọkọ́ yẹn gan-an ni yóò gbé padà wá. Owó ló wá dojú rú. Bí iyọ̀ la ṣe ń ná an, kì í sì í ṣẹ́kù, síbẹ̀ "yá" la ń lò fún un bí ẹni pé ọkọ́ ni. Èrò tèmi ni pé àwọn baba wa mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó yá owó, nǹkan onínǹkan ló ń gbé kiri; olówó sì lè yọjú nígbàkúgbà kó wò ó bóyá ẹnu ọkọ́ ti kú.

Ìyẹn ló mú wa dé ọ̀dọ̀ ìwọ̀fà. Nígbà ayé àwọn baba ńlá wa, ẹni tí owó ńlá bá ká mọ́, ìbáà jẹ́ owó ìsìnkú, ìbáà jẹ́ owó ìyàwó, ìbáà jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn Nupe bù fún ìlú, á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, olówó kò lè tà á. Ṣùgbọ́n oko olówó ni yóò máa ro, iṣẹ́ yẹn sì ni èlé. Bó ro ó fún ogún ọdún, owó tí wọ́n gbà lórí rẹ̀ kò dín, àfi ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá kó o kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí onígbèsè bá wá ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré, olówó á rán ológò sí i. Ológò jẹ́ ẹni tí ojú kì í tì. Á dógò sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á máa pariwo, á máa bú tọmọdé tàgbà, á ní kí wọ́n wá fún òun lóúnjẹ, á gbá adìẹ àgbàlá mú, títí tí gbogbo agboolé á fi dáwó jọ kí wọ́n lè rí oorun sùn. Bí mo bá rí àwọn aṣojú IMF tí wọ́n ń wọ ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó lọ ní Àbújá, ológò ló ń sọ sí mi lọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yẹn ń dè táì, wọn kì í sì í gbá adìẹ mú.

Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní Ìyàrà máa ń sọ pé kò tún sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ mìíràn fún owó onímájẹ̀mú tó ju ìwọ̀fà lọ. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé, "Bàbá, ó kù díẹ̀." Olówó ìgbà náà kì í sọ fún ìwọ̀fà pé kó lọ yí bí wọ́n ṣe ń jẹ olórí ẹbí padà nílé rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń gbà, kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìdílé. Ọjọ́ tí ayánilówó kọ́kọ́ ní òun fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń ṣe ìlú yín ni mò ń wá.

Ọjọ́ náà dé ní ọdún 1841. Thomas Fowell Buxton ló ti ń pariwo ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí a máa lé ọkọ̀ ẹrú kiri lójú agbami kò tó. Kí a wọ inú ilẹ̀ lọ, kí a fi òwò, oko àti ẹ̀sìn Kristi lé òwò ẹrú jáde láti orísun rẹ̀. Ìjọba gbà fún un, ọkọ̀ mẹ́ta sì gba odò Ọya gòkè: Albert, Wilberforce àti Soudan. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí, wà láàrin wọn. Wọ́n kọ́kọ́ bá Obi ìlú Aboh ṣàdéhùn nísàlẹ̀ odò ní oṣù kẹjọ. Ní oṣù kẹsàn-án wọ́n dé Ìdáh, wọ́n bá Àtá, ọba Igala, jókòó. Ọ̀rọ̀ wọn kò fara sin: kí Àtá fòpin sí títa ènìyàn, kó fòpin sí fífi ènìyàn rúbọ, kó ṣílẹ̀kùn fún oníṣòwò àti oníwàásù, ẹ̀bùn àti òwò Gẹ̀ẹ́sì yóò sì máa wọlé. Àtá fọwọ́ sí i. Ó tún ta ilẹ̀ kan fún wọn níbi tí odò méjèèjì ti pàdé, owó ẹyọ ni wọ́n sì fi rà á.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn gbọ́: owó lọ́wọ́ kan, òfin tuntun fún ìlú lọ́wọ́ kejì. Kí ni wọ́n ṣe ní La Baule tó yàtọ̀?

Wọ́n dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, lápá ìwọ̀ oòrùn odò, nítòsí Òkè Pátì, ibi tí ẹ̀fọn ti pọ̀ ju owú lọ. Ibà kọlu àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀ kú, àwọn ọkọ̀ sá padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi di 1842 wọ́n ti pa oko tì. Òwò ẹrú ò sì dáwọ́ dúró. Inú ìwé ni májẹ̀mú náà wà. Ohun tí mo sì rí fà yọ níbẹ̀ ni pé àwọn Ọ̀wọ̀rọ̀, ará wa tó ń gbé orí òkè tí ilẹ̀ náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sí láàrin àwọn tó fọwọ́ sí ìwé. Àwọn tí wọ́n ń kó lẹ́rú kò sí níbẹ̀ rárá. Ọba kan àti àlejò kan ni wọ́n jọ ṣàdéhùn lórí ẹlòmíràn.

Orúkọ Lókọ́jà fúnra rẹ̀ ṣì ń fa àríyànjiyàn. Àwọn Hausa ní "loko" ni ìrókò, "ja" sì ni pupa, pé ìrókò pupa ni. Ó dáa. Àwọn Ọ̀wọ̀rọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìrókò náà ni, ṣùgbọ́n Ìrókòjá ni tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun Òkè Pátì rí, ẹ wo ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn òkè náà, kí ẹ wá sọ fún mi ta ló máa kọ́kọ́ sọ igi ibẹ̀ lórúkọ.

Baikie, dókítà òyìnbó kan, dé lẹ́yìn náà, ẹni tó ti fi egbòogi kwinínì gba odò náà kọjá ní 1854 láìsí ẹni tó kú nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì tẹ ibùdó dó sí Lókọ́jà. Òwò wá borí ìwàásù. Ní 1885, ilé iṣẹ́ Goldie, oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, tó di Royal Niger Company ní ọdún kejì, bá Ẹ́míà Bídà ṣàdéhùn: owó ọdọọdún fún Ẹ́míà, kí òwò òkèèrè sì jẹ́ tiwọn nìkan. Ibí yìí ló ti dùn wá jù. Nígbà tí owó yẹn ń wọ Bídà, àwọn jagunjagun Bídà ṣì ń kó ọmọ Yàgbà, ọmọ Búnú, ọmọ Ìjùmú àti ọmọ Owé lọ, àwọn ìyá wa sì ń sá gun àpáta pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ayánilówó mọ̀. Òwò nìkan ni májẹ̀mú dá lé. Ìgbà tí Bídà di ìdíwọ́ fún òwò náà ni ojú wá là: ní oṣù kìíní 1897, ọmọ ogun Goldie gbéra ní Lókọ́jà, wọ́n gba Kábbà, wọ́n bá ibùdó Nupe lófo, wọ́n wá lọ fi ìbọn ńlá ṣẹ́gun Bídà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Goldie wá kéde pé òfin kò mọ ẹrú mọ́ ní gbogbo àgbègbè rẹ̀, láti fi bá ọbabìnrin wọn ṣàjọyọ̀ ọgọ́ta ọdún lórí ìtẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, Lugard gbé àsíá sókè ní Lókọ́jà, ẹni tó ń ṣe májẹ̀mú di onílé.

Títí di ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa ní pípín agbára. Ní Kábbà, Ọbárò, ọba ìlú, kò dá ìlú ṣe láìsí Ọbadòfin àti Ọbajẹmu. Òyìnbó ló wá wá ẹnìkan ṣoṣo tí yóò máa bá sọ̀rọ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ní 1944 wọ́n kọ ọ́ sínú òfin Báńkì Àgbáyé pé kò gbọdọ̀ dá sí òṣèlú ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ajé nìkan ni kó máa wò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yá Nàìjíríà ní mílíọ̀nù 28 dọ́là fún rélùwéè ní 1958, tí wọ́n tún yá wa ní ti Kàìńjì. Ní 1964, Zhou Enlai, olórí ìjọba ilẹ̀ Ṣáínà, kéde ní Accra pé ìrànlọ́wọ́ tàwọn kò ní májẹ̀mú òṣèlú. Ní 1985, Babangida ní kí gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ lórí owó IMF, ìlú kọ̀ ọ́, ó sì gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, wá ní 1986 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Kò sí ayánilówó kankan tó bi sójà náà pé ta ló dìbò fún un. Nígbà tí ogun tútù láàrin Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà parí ni wọ́n tó rántí ìdìbò. Ní 1989 Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìṣàkóso rere; ní oṣù kẹfà 1990 Mitterrand sọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n oṣù kejì ọdún náà ni àwọn ará orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ (Benin) aládùúgbò wa ti ṣe àpérò gbogbogbòò wọn, tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ Ààrẹ Kérékou. Wọn ò dúró de La Baule. Ní Kẹ́ńyà, àwọn ayánilówó dá owó tuntun dúró ní oṣù kọkànlá 1991, oṣù tó tẹ̀ lé e Ààrẹ Moi sì gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tó fẹ́ràn májẹ̀mú kì í ṣíwọ́ sísọ ìtàn yìí. Wọ́n máa ń fo oṣù keje 1990, nígbà tí àwọn ọmọ Kẹ́ńyà fúnra wọn tú jáde ní Nairobi tí ọlọ́pàá sì yìnbọn fún wọn. Tiwa ńkọ́? Wọ́n fagi lé ìdìbò June 12, 1993, Abacha dé, wọ́n pa Ken Saro-Wiwa ní 1995. Wọ́n dá ìrànlọ́wọ́ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò dá epo wa dúró. Ohun tí mo sọ nípa Bídà náà nìyẹn. Ní 2005, ìjọba alágbádá ló rí i pé Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ayánilówó, fa bílíọ̀nù 18 dọ́là gbèsè ya, tí a sì san bílíọ̀nù 12. Ní 2025, Amẹ́ríkà ti USAID, àjọ ìrànlọ́wọ́ rẹ̀, pa pátápátá, ti májẹ̀mú ti ẹ̀bùn.

Bí ẹ bá bi mí, ó dára kí owó ìlú má bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ìlú ò yàn, torí ọmọ wa ni yóò ṣe ìwọ̀fà rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí yóò san án ni kó kọ májẹ̀mú náà, ṣáájú kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Bàbá Ìyàrà yẹn ò tíì gbà. Mo ti ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ wọ mọ́tò lọ sí Lókọ́jà lọ́jọ́ kan, kí n mú wọn dé ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity, níbi tí irin òmìnira ṣì dúró sí, tí wọ́n ti máa ń sọ àwọn ẹrú di òmìnira. Wọ́n ní àwọn á lọ, bí mo bá máa san owó mọ́tò, tí n kò sì ní fi májẹ̀mú kankan sí i.