Ibi Tí A Ń Gbé àti Ibi Tí Wọ́n Kọ Wá Mọ́: Ìbéèrè Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Kan Tí Ó Fẹ́ Dúró ní Ìlọrin

Ọmọbìnrin kan wá bá mi ní Ilé-Ifẹ̀ ní kété tí ó parí ètò àgùnbánirọ̀ rẹ̀. Ìlọrin ni ó ti sin ìlú. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kàwé títí ó fi gboyè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Iléṣà ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ọ̀fà. Ó fẹ́ padà sí Ìlọrin láti máa gbé níbẹ̀, kí ó sì máa ṣiṣẹ́. Ohun tí ó rú u lójú ń rú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mìíràn lójú, ìdí nìyí tí mo fi kọ àwọn ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn tí mo fún un.

Ìbéèrè: Mà, ọ́fíìsì ìjọba kan tí mo kọ̀wé béèrè iṣẹ́ sí ní kí n lọ mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá láti káńsù. Nígbà tí wọ́n rí Iléṣà lára rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ wá iṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ mi. Ṣé òfin kò gbà mí láàyè láti gbé ibi tí ó wù mí ni?

Ìdáhùn: Òfin gbà ọ́ láàyè. Abala 41 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni ó ní ẹ̀tọ́ láti rìn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, kí ó sì máa gbé ibikíbi nínú rẹ̀. Abala 42 tún sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ fi ìlú tàbí ẹ̀yà tí ènìyàn ti wá fi ẹ̀tọ́ dù ú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń pa ìwé dé, wọ́n á sì máa lérí pé àwọn yóò lọ sí kóòtù. Ka abala 42 náà dé ìsàlẹ̀, ìwọ yóò rí i pé ẹsẹ rẹ̀ kẹta yọ iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀: òfin tí ó bá pààlà sí ẹni tí a lè yàn sí ipò lábẹ́ ìjọba kò di asán nítorí abala yìí nìkan. Abala 15 pẹ̀lú sọ pé kí ìjọba rí i dájú pé olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ olùgbé ní kíkún níbi gbogbo, ọ̀rọ̀ tí ó dùn mọ́ mi nínú púpọ̀. Àmọ́ Orí Kejì ìwé òfin ni ó wà, abala 6 sì ti sọ pé kóòtù kò lè dájọ́ bóyá ìjọba tẹ̀lé ohun tí ó wà nínú orí náà tàbí kò tẹ̀lé e.

Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè lé ọ kúrò ní Ìlọrin. Ohun tí wọ́n lè fi dù ọ́ ni àwọn nǹkan tí ìpínlẹ̀ ń pín fún àwọn tí ó bá pè ní ọmọ rẹ̀, bí iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, àti ẹ̀dínwó owó ilé-ìwé tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ìpínlẹ̀ ń ṣe fún ọmọ ìbílẹ̀ nìkan.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Ìlọrin, Yorùbá sì ni èmi náà. Báwo ni mo ṣe wá di àjòjì níbẹ̀?

Ìdáhùn: Èdè kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ààlà tí ìjọba fà ni wọ́n ń wò, ààlà náà kò sì pẹ́ púpọ̀. Títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà wà, kí wọ́n tó yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lára rẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn sùn ní ọmọ ìpínlẹ̀, ó sì jí ní ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn, bẹ́ẹ̀ kò kúrò lórí àga rẹ̀. Ní ọdún 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Abia dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn padà, púpọ̀ nínú wọn sì ń sọ èdè Ìgbò kan náà pẹ̀lú àwọn tí ó dá wọn padà. Àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ti ń ta aṣọ àwìn láti ìlú dé ìlú kí a tó dá ìpínlẹ̀ kankan sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ìwé káńsù lọ́wọ́ wọn.

Ìbéèrè: Ta gan-an wá ni òfin pè ní ọmọ ìbílẹ̀? Kí ló dé tí n kò lè gba ìwé náà ní Ilé-Ifẹ̀ níbi tí wọ́n bí mi sí?

Ìdáhùn: Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí. Ìwé òfin lo ọ̀rọ̀ náà láìtúmọ̀ rẹ̀. Ohun tí abala 318 túmọ̀ ni kí ènìyàn "jẹ́ ti" ìpínlẹ̀ kan, ó sì sọ pé ẹni tí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀, tàbí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òbí-àgbà rẹ̀, bá jẹ́ ara àwùjọ tí ó jẹ́ onílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà ni. Kò dárúkọ ibi tí a bí ọ sí. Kò dárúkọ iye ọdún tí o ti lò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ Haúsá tí wọ́n bí ní Sábó ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó ń fọ ẹ̀ka èdè Ifẹ̀ ju àwọn ọmọ tèmi lọ, fi lè dàgbà tán kí wọ́n ṣì máa kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ìlú tí kò dé rí. Inú mi kò dùn sí i, n kò sì rò pé ó yẹ kí inú ẹnikẹ́ni dùn sí i.

Ṣùgbọ́n tún ọ̀rọ̀ abala 318 yẹn gbọ́ dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn òbí ni ó wí. Kò sọ pé bàbá nìkan. Ọmọ Ọ̀fà ni ìyá rẹ, ìpínlẹ̀ Kwara sì ni Ọ̀fà wà. Bí a bá tẹ̀lé ohun tí a kọ sílẹ̀, o jẹ́ ti Kwara bí o ti jẹ́ ti Ọ̀ṣun. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù sábà máa ń béèrè agbo ilé bàbá nìkan, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ka ìdílé nílé, kì í ṣe nítorí pé òfin wí bẹ́ẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Abala 147 sọ pé ó kéré tán, mínísítà kan gbọ́dọ̀ wá láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ rẹ̀. Abala 177, tí ó sọ ohun tí ẹni tí yóò di gómìnà gbọ́dọ̀ ní, kò béèrè ìlú bàbá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni ìjọba ń wá tí ó fi ń kó wa lọ sin ìlú ní ìpínlẹ̀ onípínlẹ̀?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Oṣù Karùn-ún ọdún 1973 ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ ara wọn kọjá ìlú tí a bí wọn sí. Ọ̀kan nínú àwọn ète tí wọ́n kọ sínú òfin rẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó bá sìn tán lè wá iṣẹ́ tí yóò fi jẹun sí ibikíbi ní Nàìjíríà. Nígbà tí ó di ọdún 1979, ìwé òfin tuntun mú ìlànà mìíràn wọlé, pé kí a máa pín ipò ìjọba àpapọ̀ káàkiri àwọn ìpínlẹ̀, kí ẹ̀yà kan má baà gbá gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ète rere ni ìkejì náà, n kò bú u. Ṣùgbọ́n kí a tó lè pín nǹkan fún ìpínlẹ̀, a ní láti mọ ọmọ ta ni ti ibo, ìwé káńsù sì di ohun tí a kò lè ṣe aláìní. Òfin àkọ́kọ́ ní kí o dúró sí Ìlọrin. Ìwé tí ìkejì bí ń dá ọ padà sí Iléṣà.

Ìbéèrè: Owó orí mi ńkọ́? Ìbò mi ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibi tí o ń gbé ni méjèèjì wà. Ìpínlẹ̀ tí o ń gbé ni yóò máa gba owó orí tí wọ́n bá yọ nínú owó oṣù rẹ, Ọ̀ṣun kò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. O sì lè kọ̀wé sí àjọ elétò ìdìbò kí wọ́n gbé orúkọ rẹ lọ sí àdúgbò rẹ tuntun. Èrò tèmi, tí n kò sì fi pa mọ́, ni pé ìpínlẹ̀ tí ó lè gba owó orí lọ́wọ́ ènìyàn ní oṣooṣù kò yẹ kí ó pè é ní àjòjì ní ọjọ́ tí ó bá ń pín iṣẹ́.

Ìbéèrè: Bí mo bá fẹ́ ọkọ síbẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ní ti iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìlànà àjọ tí ó ń rí sí pípín ipò náà sọ pé ìpínlẹ̀ tí obìnrin ti wá ni yóò ṣì máa lò lẹ́yìn ìgbéyàwó. Má ṣe tìtorí ìwé káńsù fẹ́ ọkọ.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá ṣe báyìí, mà?

Ìdáhùn: Padà sí Ìlọrin. Iṣẹ́ aládàáni kò ní wàhálà yìí. Ìwé ẹ̀rí pé o ti sin ìlú ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Bí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá yọjú, tí o sì mú ìwé Iléṣà lọ, orí ìpín Ọ̀ṣun ni wọn yóò kà ọ́ sí, ibi yòówù kí o máa gbé. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ kan bá ní àwọn yóò gbà ọ́ lórí àdéhùn ọdún díẹ̀, bi wọ́n léèrè nípa owó ìfẹ̀yìntì kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Kí o tó wọkọ̀, kọ́kọ́ lọ sí Iléṣà. Káńsù méjì ni ó wà níbẹ̀, ti Ìlà-Oòrùn àti ti Ìwọ̀-Oòrùn, agbo ilé bàbá rẹ ni yóò sì sọ èyí tí o máa lọ. Gba ìwé náà, kí o sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà, bi ìyá rẹ ní orúkọ agbo ilé tí wọ́n bí i sí ní Ọ̀fà, kí ẹ sì jọ lọ síbẹ̀ nígbà tí àgbàlagbà tí ó mọ̀ ọ́n ní kékeré ṣì wà láàyè, nítorí ẹ̀rí ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni káńsù yóò kọ́kọ́ béèrè.