Iṣẹ́ tí omi yúríà ń ṣe nínú píkọ́ọ̀pù oní-dísẹ̀lì

Lára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù oní-dísẹ̀lì ìgbàlódé, ibi tí wọ́n ti ń bu epo sọ́kọ̀ ní ìdérí méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti dísẹ̀lì. Èkejì, tó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, jẹ́ ti omi kan tó mọ́ gaara, tó ń rùn díẹ̀ bí ìtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, DEF ni wọ́n ń pè é. Ní Yúróòpù, AdBlue ni orúkọ tó mọ́ àwọn awakọ̀ lẹ́nu. Omi yúríà kan náà ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni wọ́n ń pò ó mọ́ epo kí ẹ́ńjìnnì lè jó o pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Omi yìí kì í dé inú sílíńdà. Páìpù èéfín ni wọ́n ń fọ́n ọn sí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò bá di kókó yìí mú, ìyókù ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà á máa rú u lójú.

Inú ooru ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kì í fi pílọ́ọ̀gì dáná. Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀ títí afẹ́fẹ́ náà á fi gbóná débi pé bí epo bá ti kàn án báyìí, iná sọ. Ooru yìí ló jẹ́ kí dísẹ̀lì lè fa ẹrù wúwo, kó sì fi epo díẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn. Òun náà ló sì ń bí wàhálà. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ náítírójìn, gáàsì tó máa ń jókòó jẹ́ẹ́, tí kì í yára bá gáàsì mìíràn da nǹkan pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ooru bá le jù, náítírójìn á dì mọ́ ọ́síjìn, àwọn méjèèjì á di àwọn gáàsì tí wọ́n ń pè ní NOx. NOx máa ń ta ẹ̀dọ̀fóró. Bí oòrùn bá sì pa á pọ̀ mọ́ èéfín mìíràn, ó ń di òsónù, ìyẹn ara ohun tó ń bo àwọn ìlú ńlá mọ́lẹ̀ bí kùrukùru nígbà ooru.

Kí ló dé tí wọn kò kàn dín ooru ẹ́ńjìnnì kù? Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Bí ooru bá dín, NOx á lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo kò ní jóná tán mọ́, dúdú èéfín á wá pọ̀, irú dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí a fi igi dáná sí. Bí wọ́n bá tún jẹ́ kó gbóná kí dúdú lè jóná, NOx á gòkè. Bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ ni èkejì ń yọjú. EGR, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì kí ooru lè rọlẹ̀, ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín tó ń padà wọlé náà ń fi dúdú kun inú ẹ́ńjìnnì. Omi yúríà ló já okùn yìí: jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná bó ṣe yẹ kó gbóná, kí o sì pa NOx nígbà tó bá ti dé inú páìpù.

Òfin ló mú kí èyí di dandan. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń fọ sọ́fọ̀, ìyẹn imí ọjọ́, kúrò nínú dísẹ̀lì tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ títì, tí kò fi gbọdọ̀ ju ìwọ̀n 15 nínú mílíọ̀nù kan, nítorí pé sọ́fọ̀ máa ń ba àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín jẹ́. Ọdún 2007 ni òfin dúdú èéfín le sí i, tí asẹ́ fi wọ inú páìpù. Ti NOx le gan-an ní ọdún 2010. Ford àti GM fi ètò yúríà sínú àwọn píkọ́ọ̀pù wọn tó lágbára jù, èyí tí wọ́n pè ní ti ọdún 2011. Ram, tí òun náà ń ṣe píkọ́ọ̀pù, kọ́kọ́ gba ọ̀nà mìíràn lórí àwọn tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 2500 àti 3500, ó ń lo ohun tó máa ń mú NOx mọ́ra fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó di ti ọdún 2013, òun náà yà sọ́nà yúríà.

Ohun méjì péré ló wà nínú omi náà. Ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ yúríà, ìyókù jẹ́ omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò. Wọn kò ṣàdédé mú 32.5. Ní ìwọ̀n yẹn ni omi yúríà máa ń pẹ́ jù kó tó dì, ìyẹn ní nǹkan bí 11°C sí ìsàlẹ̀ òdo. Èyí tó tún wúlò jù ni pé omi àti yúríà á jọ dì, wọ́n á sì jọ yọ́, tó fi jẹ́ pé agbára omi náà kò yí padà lẹ́yìn tí yìnyín bá yọ́. Ẹ̀rọ kan wà nínú táǹkì tó ń mú un gbóná nígbà òtútù, ọkọ̀ sì lè ṣíná, kó máa lọ, kí omi náà tó yọ́. Yúríà kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ń fi ṣe ajílẹ̀, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe po ajílẹ̀ mọ́ omi kó dà á sínú táǹkì. Àwọn ìdọ̀tí tí kò pa irúgbìn lára tó láti ba ẹ̀rọ yìí jẹ́ pátápátá.

Bí ọkọ̀ bá ń lọ, pọ́ńpù á fa omi náà láti inú táǹkì lọ sí ẹnu kan lára páìpù èéfín, ẹnu náà á sì fọ́n ọn wọlé bí ìrì. Ooru èéfín á gbẹ omi ara rẹ̀, yúríà á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á di amóníà. Amóníà yìí gan-an ni òṣìṣẹ́. Yúríà kàn jẹ́ ọ̀nà tí a lè fi gbé e rìn láìléwu ni, nítorí pé gáàsì olóró ni amóníà, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ gbé ìgò rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Amóníà àti NOx á jọ wọ inú SCR, àpótí kan tí inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, tí wọ́n fi ohun tó ń ru kẹ́míkà sókè pa ara rẹ̀. Níbẹ̀ ni náítírójìn inú amóníà á ti bá náítírójìn inú NOx pàdé, wọ́n á so pọ̀, wọ́n á padà di náítírójìn lásán, èyí tó kún inú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ́síjìn àti háídírójìn á di oru omi. Ohun tó wọlé bí májèlé jáde bí afẹ́fẹ́ àti omi. Ìmọ̀ kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀ yẹ kí a yìn gidigidi.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń ṣẹlẹ̀ bí èéfín bá tutù. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í jẹ́ kí omi yúríà jáde títí páìpù á fi gbóná tó nǹkan bí 200°C. Bó bá jáde ṣáájú àkókò yẹn, kò ní di amóníà. Ńṣe ló máa gbẹ, tó máa lẹ̀ mọ́ páìpù bí iyọ̀ funfun, tó sì máa dí ẹnu tó ń fọ́n ọn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru ni, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kò bá a lára mu.

Asẹ́ dúdú èéfín, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní DPF, kì í ṣe ara ètò yúríà, àmọ́ inú páìpù kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, òun ló sì ń kó ọ̀pọ̀ onípíkọ́ọ̀pù sí ìyọnu. Ẹni tí asẹ́ rẹ̀ dí, tó ń bú omi yúríà, ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Asẹ́ náà kún fún ihò tóóró tóóró. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣí, ìdí rẹ̀ á dí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu á dí, ìdí á ṣí. Dandan ni kí èéfín gba inú ògiri tín-ín-rín tó wà láàárín wọn kọjá, ibẹ̀ ni dúdú á sì kù sí. Bó bá kún, a kò ní fọ̀ ọ́. Ńṣe la ó jó o.

Bí ọkọ̀ bá ń fa ẹrù lójú ọ̀nà tó gùn, ooru èéfín á máa jó dúdú náà díẹ̀díẹ̀, awakọ̀ kò sì ní mọ̀. Bí ìrìn bá jẹ́ kúkúrú kúkúrú, tàbí tí wọ́n bá ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa sán lójú kan fún wákàtí, ooru yẹn kò ní sí. Kọ̀ǹpútà á wá fúnra rẹ̀ da epo díẹ̀ kún un kí páìpù lè gbóná tó nǹkan bí 600°C. Iṣẹ́ yìí lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n. Awakọ̀ á rí i pé epo ń tètè tán, ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà díẹ̀, ooru á máa tú jáde lábẹ́ ọkọ̀. Bó bá pa ọkọ̀ láàárín iṣẹ́ yìí, dúdú náà kò jóná tán. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń tú epo àlékún yìí sínú sílíńdà, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè ṣàn bá ọ́ìlì lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, kó sì sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí asẹ́ á dí kọjá ohun tí ọkọ̀ lè fúnra rẹ̀ jó. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń rìn nítòsí máa gbé e jáde sójú ọ̀nà tó já gaara lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ kó gbóná dáadáa. Kò sí kẹ́míkà inú ìgò tó lè ṣe iṣẹ́ tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà ń ṣe.

Dúdú ń jóná, eérú kì í jóná. Ara ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni eérú inú asẹ́ ti ń wá, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ọ́ìlì tí eérú rẹ̀ kéré, irú èyí tí wọ́n kọ CK-4 sí lára agolo rẹ̀.

Ní ti bí omi yúríà ṣe ń tán, ó sábà máa ń wà láàárín gálọ́nù méjì sí márùn-ún fún ọgọ́rùn-ún gálọ́nù dísẹ̀lì. Ẹrù wíwúwo máa ń mú kó tètè tán. Bó bá kù díẹ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀, á máa ka iye máìlì tó kù. Bí awakọ̀ bá dití sí i, kọ̀ǹpútà á dín eré ọkọ̀ kù, á tún dín in kù sí i, títí ọkọ̀ á fi máa rìn bí ìgbín. Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì kò lè ṣiṣẹ́ láìsí omi yìí. Òfin ló fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi táǹkì sílẹ̀ ní òfìfo. Ìyà tó wà nínú rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti bu omi àti ẹni tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kàn bàjẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà jáde pé kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe, kí agbára ọkọ̀ má baà já lulẹ̀ lójijì lójú ọ̀nà. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é tipẹ́.

Àwọn sẹ́ńsọ̀ yìí gan-an ló ń bàjẹ́ jù. Ọ̀kan ń ka NOx kó tó wọ SCR, ọ̀kan ń kà á lẹ́yìn tó jáde, kọ̀ǹpútà á wá fi méjèèjì wéra bóyá omi yúríà ń ṣiṣẹ́. Inú ooru ni wọ́n ń gbé láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bí ọ̀kan bá ṣì í kà, dáṣíbọ́ọ̀dù lè sọ pé omi yúríà kò dára, nígbà tó jẹ́ pé omi náà kò ní àbàwọ́n kankan. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka kóòdù ọkọ̀ ná, kí wọ́n tó da táǹkì nù.

Omi náà fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ìdọ̀tí, kò sì fẹ́ ooru. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò gbóná ju 25°C lọ, ó lè pé ọdún kan ààbọ̀. Ní 35°C, oṣù mẹ́fà ni. Nítorí náà, ó yẹ kí wọ́n wo ọjọ́ tó wà lára kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n tó rà á. Ó ń jẹ bàbà àti irin lásán, inú ike tàbí irin tí kì í dípẹtà ló yẹ kó máa gbé. Àrọ tí wọ́n ti fi da ọ́ìlì rí kò gbọ́dọ̀ kàn án.

Àṣìṣe méjì ló burú jù. Bí dísẹ̀lì bá wọ táǹkì yúríà, á mú kí àwọn rọ́bà inú rẹ̀ wú, pọ́ńpù á sì bàjẹ́. Bí yúríà bá wọ táǹkì dísẹ̀lì, omi àti iyọ̀ rẹ̀ á lọ bá pọ́ńpù epo, tó jẹ́ ara ohun tó wọ́n jù lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Nínú méjèèjì, kí awakọ̀ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ rárá. Bí epo kò bá tíì rìn kúrò nínú táǹkì, fífà á dànù lè tó. Bó bá ti rìn, ẹ̀rọ tó máa nílò pípààrọ̀ kì í ṣe kékeré.

Àwọn kan máa ń gé asẹ́ àti gbogbo ètò yúríà jù nù, wọ́n á tún kọ̀ǹpútà kọ kó má baà béèrè wọn mọ́. Ní ọdún 2020, EPA kọ ọ́ pé ó ju 550,000 píkọ́ọ̀pù oní-dísẹ̀lì lọ tí wọ́n ti ṣe báyìí fún ní Amẹ́ríkà láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Òfin afẹ́fẹ́ tó mọ́ kò gbà á, ẹni tó bá sì tọ ẹ̀yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń mí ohun tí wọ́n gé kúrò. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, sẹ́ńsọ̀ kan tàbí asẹ́ tó dí ni gbogbo ẹjọ́ náà, ẹ̀rọ tó kù kò sì ní àìsàn.

Bí wọ́n bá pa ọkọ̀ tán, pọ́ńpù yúríà kì í dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ń yí padà, á fa omi tó kù nínú rọ́bà padà sínú táǹkì kó má baà dì tàbí kó gbẹ síbẹ̀. Ìró kékeré tí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ń gbọ́ nìyẹn. Mẹkáníìkì tó bá fẹ́ tú bátìrì gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan títí ìró náà á fi dákẹ́.