Ejò Wà Nínú Àpótí, Ọwọ́ Yín Ló Ń Rìn Kiri Ilé

Ẹni kẹta rèé lóṣù yìí tó máa gbé ejò wọ kílíníìkì ẹranko mi ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, tó sì máa bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Dókítà, ṣé kò ní pa ológbò wa báyìí?" Èyí tó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun di ejò tirẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, ó gbé e lé itan, ó gbé ọmọ ológbò lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń ti ọwọ́ bọ inú àpò láti fi pa ejò lára, ọwọ́ yẹn kan náà ló sì fi ń jẹ gúgúrú. Òun ń wo ejò. Èmi ń wo gúgúrú.

Mi ò ní lo àyè yìí láti kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń sin ejò. Pé àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó ń tì, pé apá kan gbọ́dọ̀ móoru kí apá kejì tutù, pé omi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: ẹni tí kò mọ ìyẹn kó tó sanwó ejò, kó dá a padà fún ẹni tó tà á fún un. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa sọ níbẹ̀ ni pé kí ẹ mọ irú èyí tí ẹ rà. Òjòlá kékeré tó máa ń ká jọ bí bọ́ọ̀lù tí ẹ̀rù bá bà á, tí òyìnbó ń pè ní ball python, kì í sábà gùn kọjá mítà kan ààbọ̀, ó sì lè lo ọdún 20 sí 30 lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Erè kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Erè ni ejò tó tóbi jù ní Áfíríkà, ó lè gùn ju mítà 5 lọ, ewúrẹ́ ló ń gbé mì. Ọmọ erè tí ọdẹ tà fún yín lójú ọ̀nà Ifẹ̀ kò ní kọ lẹ́tà sí yín lọ́jọ́ tí ajá yín bá di oúnjẹ.

(Ewúrẹ́ ni mo wí o. Láti ọdún 2018 tí ìròyìn ti jáde láti Makurdi pé ejò gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì, àwọn kan ṣì ń bi mí bóyá ó ṣeé ṣe. Mo ti la inú ejò tó pọ̀. Mo bá eku níbẹ̀, mo bá ẹyẹ. N kò bá náírà níbẹ̀ rí.)

Ọ̀gbẹ́ni kan tilẹ̀ fi òwe bá mi jà. Ó kó òjòlá méjì sínú àpótí kan, mo ní kó yà wọ́n, ó ní, "Dókítà, àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà." Àwọn àgbà tó pa òwe yẹn, ọmọ èèyàn ni wọ́n ń bá wí. Àdágbé ni ti ejò. Èyí tí ẹ rí tó sùn lé èkejì lórí, tí ẹ yà ní fọ́tò, tí ẹ ní ìfẹ́ ni, ibi tó móoru nínú àpótí ló ń bá ẹnìkejì rẹ̀ dù.

Ó yá, ìbéèrè ológbò, ká lè kúrò níbẹ̀. Òjòlá kékeré kò lè gbé ológbò tó ti dàgbà mì. Ológbò ló máa ṣe ejò léṣe. Kó ti èékánná kan ṣoṣo bọ ojú ihò àpótí ti tó, torí kòkòrò tó wà lẹ́nu àti lábẹ́ èékánná ológbò máa ń mú kí ojú ọgbẹ́ ejò kẹ̀. Òròmọdìẹ àti ẹyẹlé ńkọ́? Oúnjẹ nìyẹn, ẹ má fi wọ́n sí yàrá kan náà. Ẹ má sì ti ààyè eku mọ́ ejò mọ́jú. Tí ebi kò bá pa ejò lóru ọjọ́ yẹn, ebi á pa eku, eku á sì jẹ ẹ̀yìn ejò dé egungun. Mo ti rán irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ pa eku kí ẹ tó fún un.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn ni ọwọ́ yín. Ejò wà níbi tí ẹ fi í sí, ó ká jọ, kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Ọwọ́ yín ló ń ti ibẹ̀ lọ sídìí abọ́ ajá, tó ń ti ìdí abọ́ ajá wọ ilé ìdáná, tó ń ti ilé ìdáná bọ ọmọ lẹ́nu. Ẹ ó jí, ẹ ó da oúnjẹ fún òròmọdìẹ, ẹ ó gbé méjì níbẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ẹ ó ti ọwọ́ bọ àpótí òjòlá. Ahọ́n ni ejò fi ń kó òórùn wọlé. Òjòlá tún ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ létè tó fi ń mọ ibi tí ohun tó gbóná wà. Ọwọ́ tó gbóná, tó ń rùn bí òròmọdìẹ, wọlé tọ̀ ọ́ wá láàárọ̀. Ó bù ú jẹ, ẹ ní wọ́n ti rán an sí yín láti ilé bàbá yín.

Ìyẹn kéré. Bákítéríà kan wà tó ń jẹ́ Salmonella, inú ìfun ejò, alángbá àti ahun ló máa ń gbé láì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ejò tí ara rẹ̀ ń dán lè máa yà á mọ́ ìgbẹ́ lónìí, kó má yà á lọ́la, nítorí náà àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan tó ní kò sí níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ ń gbé kọ́ ara ògiri. Kì í ṣe irú èyí tó ń fa taifọ́ọ̀dù, torí ara èèyàn nìkan nìyẹn ń gbé; ẹ má gbé ìwé taifọ́ọ̀dù wá bá mi kí ẹ ní ejò ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ lè gbé ọmọ kékeré dè. Ní 1975, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de títa ahun kéékèèké tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ kò tó ínǹṣì 4, torí pé àwọn ọmọdé ń fi wọ́n sẹ́nu, wọ́n sì ń kó àrùn yìí. Aláboyún, arúgbó àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló ń dà láàmú jù. Ti ọmọ tó ní fòníkúfọ̀ládìde tún lágbára ju ti gbogbo wọn lọ: Salmonella wà lára àwọn kòkòrò tó máa ń wọ inú egungun wọn jù, tí egungun á máa wú, tí ọmọ á máa ké. Ilé tí ọmọ SS bá wà, ẹ má sin ejò níbẹ̀. N kò bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Àwọn tó kù, ẹ ra korobá ejò lọ́tọ̀. Ẹ ra pupa, kí ẹnikẹ́ni má fi bu omi ìwẹ̀. Ẹ ya kànìnkànìn rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ má fọ àwo omi rẹ̀ nínú síǹkì tí ẹ ti ń fọ ẹ̀fọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sì da omi náà síbi tí ajá ti ń lá omi.

Omi yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Armillifer, kòkòrò kan tó ń fi inú ejò ṣe ilé. Ìyàwó mi ní n kò lè jókòó wákàtí kan níbi ìsọmọlórúkọ kí n má dárúkọ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ẹ wò ó bí aràn funfun tó ní òrùka òrùka lára, bí ẹni wọ ìlẹ̀kẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Àmọ́ kì í ṣe aràn, ìbátan akàn àti edé ni. Inú ẹ̀dọ̀fóró ejò ló ti ń dàgbà, pàápàá erè, òjòlá àti paramọ́lẹ̀. Ẹyin rẹ̀ ń bá itọ́ àti ikun imú ejò jáde, ó tún ń bá ìgbẹ́ jáde. Eku á jẹ ẹyin náà mọ́ oúnjẹ. Ọmọ rẹ̀ á pa nínú ìfun eku, á lu ìfun jáde, á wọ inú ẹ̀dọ̀, á ká jọ síbẹ̀, á máa dúró de ejò. Ejò á gbé eku mì, ọmọ yẹn á gba ẹ̀dọ̀fóró ejò lọ. Bó ṣe ń lọ nìyẹn kí Lágelú tó tẹ Ìbàdàn dó.

Ìgbà tí ajá yín bá lá omi náà, tàbí tí ẹ nu àpótí tán tí ẹ fi ọwọ́ yẹn bu iyán, ó ti ṣìnà nìyẹn, kò sì mọ̀. Á lu ìfun yín, á wọ ẹ̀dọ̀ yín, á ká jọ síbẹ̀, á máa dúró de ejò tó máa gbé yín mì. Nígbà tí kò bá rí ejò, á kú, á le bí òkúta. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé e sára kì í mọ̀, àfi tí wọ́n bá ya X-ray fún un nítorí nǹkan mìíràn tí wọ́n wá rí àmì bí lẹ́tà C kéékèèké káàkiri inú rẹ̀. Níbi tó bá ti pọ̀ jù, ó ń fa inú rírun, ó sì lè dí ìfun. Wọ́n ti rí i lára àwọn èèyàn ní Nàìjíríà, pàápàá àwọn tó ń jẹ ejò tí kò jinná. Ejò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú igbó ló sì ń gbé e, èyí tí ẹ fẹ́ràn torí pé kò wọ́n. Ẹni tó bá ní kí ẹ mu ẹ̀jẹ̀ ejò tútù kí ẹ̀yìn yín lè le, ẹ ní kó kọ́kọ́ mu tirẹ̀ lójú yín.

Mo fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ahun Akóbọ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín, ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Ahun náà dàgbà ju gbogbo ọmọ ilé lọ. Bí wọ́n bá ti ń gé ìbẹ́pẹ, ó ti ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nìyẹn. Àbíkẹ́yìn ilé wá gbé òjòlá dé láti ilé ẹ̀kọ́. Láàárín oṣù méjì, eégbọn kún ara ajá, kòkòrò wẹ́wẹ́ dúdú sì kún abẹ́ ìpẹ́ ejò. Wọ́n ní owó mi pọ̀. Wọ́n pe ọ̀kan lára àwọn tó ń gun ọ̀kadà káàkiri àdúgbò pẹ̀lú báàgì, tí gbogbo èèyàn ń pè ní dókítà. Ó gún ajá. Wọ́n ní kó bá wọn gún ejò. Ó gún ejò. Bàbá wá rẹ́rìn-ín, ó ní kó má jẹ́ kó ku ahun nìkan. Ìgò kan, abẹ́rẹ́ kan, ẹran mẹ́ta.

Ivermectin ló wà nínú ìgò náà. Oògùn gidi ni o. Àwọn tó ṣàwárí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015, òun ni wọ́n sì ń pín fáwọn èèyàn wa tí àrùn ìfọ́jú etí odò ń dà láàmú. Èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n a kì í fún ahun. Mi ò sọ pé ká dín in kù: a kì í fún un rárá. Ó máa ń dá iṣan rẹ̀ dúró, títí kan èyí tó fi ń mí.

Lọ́jọ́ kẹta, orí ahun wà níta, kò lè fà á wọlé mọ́. Àǹtí wọn kan dé, ó ní ejò ti fa ẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n pe aládùúrà kan. Ó da iyọ̀ yí àpótí ká, ó ta òróró sí òjòlá lára, ó gba ẹgbẹ̀rún 25 náírà. Ìyẹn ju owó tí mo máa gbà lórí ẹran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Lọ́jọ́ kẹrin ni wọ́n tó rántí mi. Bàbá ní, "Dókítà, ẹ ò rí i bí ejò yìí ṣe pa á?" Mo ní, "Alàgbà, ta ló gún un lábẹ́rẹ́?" Ilé pa lọ́lọ́.

Kò sí ẹ̀rọ̀ fún un. Mo fa omi sí i lára, mo fi rọ́bà fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìdájí ló kú. Mo gba fóònù bàbá, mo pe ọ̀gbẹ́ni ọlọ́kadà yẹn. Ó ní, "Ọ̀gá, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lára màlúù, ṣé lára ahun ni kò ti ní ṣiṣẹ́?" Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní Yunifásítì Ìbàdàn kí wọ́n tó jẹ́ kí n dá abẹ́rẹ́ mú. Ìgbìmọ̀ kan wà ní Nàìjíríà tó ń forúkọ oníṣègùn ẹranko sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gún ẹran yín, ẹ bi í ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Bó bá bínú, ó ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ bá wọn rọ awọ àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ojú òjòlá náà. Abẹ́ igi máńgòrò níbi tí ahun máa ń sùn sí, korobá pupa kan ló wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti kọ EJÒ sí i lára gàdàgbà. Bàbá ní kò sẹ́ni tó ń fi bu omi.