Rédà wà níwájú awakọ̀, kí ló dé tí bàálù ṣì ń kó sínú ìjì?

Ṣé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀run ni rédà ń rí ni?

Rárá o. Òjò ló ń rí. Rédà tó wà nímú bàálù ń ju ìtànṣán síwájú. Èyí tó bá bá ẹ̀kán omi pàdé ló ń padà wá sójú ẹ̀rọ: àwọ̀ ewé bí òjò bá fúyẹ́, àwọ̀ ìyeyè bó bá pọ̀ díẹ̀, pupa bó bá le. Kùrukùru lásán kò hàn níbẹ̀. Atẹ́gùn tó ń gbo bàálù jìgìjìgì níbi tí òjò ò sí kò hàn. Yìnyín gbígbẹ tó wà lókè téńté ìjì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dá ìtànṣán padà.

Ní ọ̀pọ̀ bàálù, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé ojú rédà sókè sódò. Tó bá wà ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, tó kọjú rédà sókè jù, ìtànṣán yóò gba orí ìjì kọjá, ojú ẹ̀rọ yóò sì dúdú bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Tó bá tẹ̀ ẹ́ sódò jù, ilẹ̀ ni yóò kún ibẹ̀. Olùkọ́ máa ń ní kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí òkè ojú ẹ̀rọ. Ẹni tó gbé e síbì kan tó sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ kò lo rédà, ó kàn tàn án ni.

Tí ẹ̀yìn pupa bá dúdú, ṣé ọ̀nà là níbẹ̀ nìyẹn?

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti le. Òjò ńlá máa ń gbé ìtànṣán mì, débi pé èyí tó máa lọ dé ẹ̀yìn rẹ̀ kó sì padà kì í kù mọ́. Dúdú tẹ́ ẹ rí yẹn lè bo òjò tó burú ju ti iwájú lọ.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 1977, bàálù DC-9 ti Southern Airways, nọ́ńbà 242, gbéra ní Huntsville, ó ń lọ sí Atlanta. Ó wọnú ìjì, omi àti yìnyín sì pa ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Ojú títì ní New Hope, Georgia, ni wọ́n já sí. Èèyàn tó lé ní 70 kú, àwọn kan nínú wọn kò tilẹ̀ wọ bàálù. NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, dá iléeṣẹ́ náà lẹ́bi pé wọn ò fún awakọ̀ ní ìròyìn ojú ọjọ́ tó dé kẹ́yìn. Wọ́n tún ní ọ̀gá awakọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé rédà láti fi wá ọ̀nà gba àárín ìjì.

Àwòrán tó ń ti sàtẹ́láìtì wá ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ bàálù kékeré ní Amẹ́ríkà kò ní rédà tiwọn. Àwòrán rédà orí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NEXRAD ni wọ́n ń gbà láti ojú sàtẹ́láìtì. Ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Wọ́n á kọ́kọ́ kó àwòrán oríṣiríṣi rédà pọ̀, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, ìgbà tí wọ́n kó wọn pọ̀ sì ni aago ojú ẹ̀rọ ń kà, kì í ṣe ìgbà tí rédà rí òjò. Ní 2012, NTSB kìlọ̀ pé ohun tó wà nínú àwòrán náà lè fi ìṣẹ́jú 15 sí 20 dàgbà ju ohun tí aago ń sọ. Wọ́n tọ́ka sí hẹlikópítà tó ń gbé aláìsàn tó já ní Tennessee ní oṣù Kẹta 2010, èèyàn mẹ́ta kú. Àti bàálù kékeré tó já nítòsí Bryan, Texas, ní oṣù Kejìlá 2011, èèyàn márùn-ún kú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìjì tó ń sáré 40 máìlì ní wákàtí kan ti rin máìlì 10 ní ìṣẹ́jú 15. FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, sì ní kí awakọ̀ fi ó kéré tán 20 máìlì jìnnà sí ìjì tó bá le. Ìdajì ti lọ nìyẹn, kí ìjì náà tó tún fẹ̀ sí i.

Báwo wá ni ká ṣe kọ́ àwọn awakọ̀?

Ìdánwò pé kí ni àwọ̀ pupa túmọ̀ sí, kò sẹ́ni tí ò lè yege níbẹ̀. Lójú tèmi, inú ẹ̀rọ àfarawé bàálù ni kí olùkọ́ ti fún awakọ̀ ní àwòrán tó ti pẹ́, kí ìjì tòótọ́ sì wà níbòmíràn lójú fèrèsé. Kó sọ jáde lẹ́nu: ìgbà wo ni wọ́n rí èyí, kí ni kò sì lè hàn níbẹ̀? Àwòrán láti ilẹ̀ wà fún pípinnu láti ọ̀nà jíjìn pé apá ibo la máa gbà yípo. Kò wà fún wíwá àlàfo láàárín òjò méjì.

Ẹ̀rọ tuntun kò ti yanjú ẹ̀?

Ó ti dín in kù. Àwọn rédà kan ń gbé ojú ara wọn sókè sódò, àwọn mìíràn ń sàmì síbi tí ìtànṣán ò ti dé. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ àwòrán tó ti pẹ́ di tuntun.