Àkókò Ìpegedé nínú Eré Máratọ́ọ̀nì

Àkókò ìpegedé ni iye wákàtí àti ìṣẹ́jú tí asáré kò gbọ́dọ̀ kọjá nínú eré máratọ́ọ̀nì kan kí ìdíje mìíràn tó lè gbà á wọlé. Kìlómítà 42.195 ni máratọ́ọ̀nì. Òlíḿpíìkì tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1908 ni gígùn yìí ti wá, ọdún 1921 sì ni àjọ tó ń bójú tó eré orí pápá lágbàáyé fi òǹtẹ̀ lù ú. Ọ̀pọ̀ máratọ́ọ̀nì ló jẹ́ pé ẹni tó bá tètè sanwó, tàbí ẹni tí ìbò bá mú, ni yóò sá a. Díẹ̀ ló ń béèrè pé kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí ẹni ná. Nínú àwọn wọ̀nyí, ti Boston ní Amẹ́ríkà ni àwọn tí kì í fi eré ṣe iṣẹ́ ń lé jù lọ.

Boston àti àtẹ àkókò rẹ̀

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1897 ni wọ́n kọ́kọ́ sá máratọ́ọ̀nì Boston. Lónìí, Ọjọ́ Ajé kẹta nínú oṣù Kẹrin ni wọ́n ń sá a lọ́dọọdún, láti ìlú Hopkinton títí dé òpópónà Boylston ní ìgboro Boston. Ó lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n fi sá a láìbéèrè àkókò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí èrò wá ń pọ̀ jù, Boston Athletic Association tó ni eré náà kéde lọ́dún 1970 pé ẹni tó bá fẹ́ wá gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti múra tó láti sá a tán láàrin wákàtí 4. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fà á wá sí wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀.

Òfin ìgbà yẹn kò kan obìnrin, nítorí wọn ò gbà wọ́n láyè láti forúkọ sílẹ̀ fún eré náà títí di ọdún 1972. Bobbi Gibb ti sá a dópin lọ́dún 1966 láìní nọ́ńbà. Lọ́dún 1967, Kathrine Switzer so nọ́ńbà 261 mọ́ra, ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó sì rọ́ lù ú lójú títì láti já a gbà, síbẹ̀ ó sá a tán. Ó yẹ kí á rántí èyí nígbà tí a bá ń ka àtẹ òde òní tí ọkùnrin àti obìnrin jọ wà nínú rẹ̀.

Nínú àtẹ tí wọ́n lò fún eré ọdún 2026, ọkùnrin tó wà láàrin ọdún 18 sí 34 gbọ́dọ̀ sá máratọ́ọ̀nì láàrin 2:55:00, ìyẹn wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 55. Obìnrin ọjọ́ orí kan náà ní 3:25:00. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè ni àyè ń gbòòrò: ọkùnrin ẹni 50 sí 54 ọdún ní 3:20:00, obìnrin ẹni 60 sí 64 ní 4:20:00, bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún sì ní 4:50:00. Ọjọ́ orí tí asáré yóò jẹ́ lọ́jọ́ eré Boston ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ti ọjọ́ tó sá eré tó fi pegedé. Nítorí náà, ọkùnrin tó sá eré nígbà tó wà ní ẹni ọdún 39, tí yóò sì pé 40 kí oṣù Kẹrin tó dé, ìlànà 3:05:00 ni wọn yóò fi wọ̀n ọ́n, dípò 3:00:00.

Ibi tó ń dun ọ̀pọ̀ asáré ni pé dídé àkókò yìí kò túmọ̀ sí pé ààyè ti wà. Bí àwọn tó pegedé bá pọ̀ ju ààyè lọ, àwọn tó fi ìṣẹ́jú púpọ̀ jù yá ju ìlànà ọ̀wọ́ tiwọn lọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú, wọn yóò sì gé e síbi tí ààyè bá ti tán. Fún eré ọdún 2025, èèyàn 36,393 ló fi àkókò wọn ránṣẹ́. 12,324 nínú wọn ni kò rọ́wọ́ mú, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló ti sá eré tí àtẹ béèrè. Ẹni tí kò bá fi ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 51 yá ju ìlànà rẹ̀ lọ, ilé ló jókòó sí. Fún eré tó tẹ̀ lé e, wọ́n gé ìṣẹ́jú márùn-ún kúrò nínú ìlànà àwọn tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ti ọdún 2026 náà ṣì béèrè ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 34 lé e lórí. Ìyẹn ni pé ọ̀dọ́kùnrin tí àtẹ sọ pé 2:55:00 tó fún, 2:50:26 gan-an ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè mọ iye yìí lọ́jọ́ tó ń sáré, nítorí ẹ̀yìn tí ìforúkọsílẹ̀ bá parí ni wọ́n ń kéde rẹ̀.

Ojú ọ̀nà àti aago

Àkókò kò ní ìtumọ̀ bí a kò bá mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà máratọ́ọ̀nì. Òǹkà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Jones Counter wà lára àgbá kẹ̀kẹ́ náà tó ń ka bó ṣe ń yí, ẹni tó gùn ún yóò sì gba ọ̀nà tó kúrú jù lọ, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí etí títì níbi tó bá ti kọ́rọ́. Wọ́n tún máa ń fi mítà kan lé kìlómítà kọ̀ọ̀kan kí ọ̀nà má bàa kúrú, èyí tó jẹ́ mítà 42 lápapọ̀. Asáré tó wà láàrin èrò kò lè rí etí kọ́rọ́ gbà nígbà gbogbo, ìdí nìyẹn tí aago ọwọ́ rẹ̀ fi sábà máa ń sọ pé ó ti sá ju 42.195 lọ. Ẹni tó ń lé 2:55:00 yóò ṣírò pé ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 8 ló tó òun fún kìlómítà kan. Ṣùgbọ́n bí aago rẹ̀ bá ka 42.6 kó tó dópin, ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 6 ló yẹ kó ti máa rí lójú aago náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá méjì yìí ti ba iṣẹ́ oṣù púpọ̀ jẹ́ fún àwọn kan.

Bí ọ̀nà bá kúrú, kò sí àròyé. Lẹ́yìn tí wọ́n tún ọ̀nà máratọ́ọ̀nì Greater Manchester ní Ìlú Ọba wọ̀n, wọ́n rí i pé ti ọdún 2013, 2014 àti 2015 fi mítà 380 dín, àkókò gbogbo àwọn tó sá a sì di asán. Wọn ò jẹ̀bi ohunkóhun.

Ọ̀nà tó dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Láti eré ọdún 2027, Boston yóò fi ìṣẹ́jú 5 kún àkókò ẹni tó pegedé lórí ọ̀nà tó fi ẹsẹ̀ bàtà 1,500 sí 2,999 sọ̀ kalẹ̀, yóò fi ìṣẹ́jú 10 kún ti ọ̀nà tó tó 3,000 sí 5,999, kò sì ní gba èyí tó bá dé 6,000 rárá. Ọ̀nà Boston fúnra rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jìnnà sí òpin jù. Ìdí rèé tí 2:03:02 tí Geoffrey Mutai sá níbẹ̀ lọ́dún 2011, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sá irú rẹ̀ rí nígbà náà, kò fi wọ ìwé àkọsílẹ̀ eré tó yára jù lágbàáyé.

Ní ti aago, ti ṣíìpù, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àkókò lára asáré, ni Boston ń gbà: ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ìlà ìbẹ̀rẹ̀ ni kíkà bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ìbọn dún. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé asáré atọ́nà tó gbé àsíá àkókò dání ní láti rántí èyí, torí atọ́nà náà lè ti ṣáájú rẹ̀ kọjá ìlà.

Òlíḿpíìkì

Fún ìdíje Paris 2024, 2:08:10 ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin, 2:26:50 lọ́wọ́ obìnrin, ààyè 80 ló sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orílẹ̀-èdè kan kò lè mú ju mẹ́ta-mẹ́ta lọ. Amẹ́ríkà ní ìdíje ìyànṣojú tirẹ̀, tó gba ọkùnrin tó bá sá 2:18:00 àti obìnrin tó bá sá 2:37:00 fún ti ọdún 2024.

Bí wọ́n ṣe ń sá a

Ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ni ẹsẹ̀ ń jẹ jù lọ bí eré bá ti le, kì í sì í tó fún gbogbo ọ̀nà. Láàrin kìlómítà 30 sí 35 ni ó sábà máa ń tán lára ẹni tó bá yára jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ á wúwo bí òjé, ìṣẹ́jú kan á sì máa sọnù nínú kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Nítorí èyí ni àwọn asáré fi máa ń mu omi ṣúgà tàbí kí wọ́n fa oúnjẹ oníṣúgà tó ki bí ògì sẹ́nu lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì ń dín ìgbáradì kù ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ọjọ́ náà tó pé. Oòrùn pàápàá lè ba gbogbo ìṣirò jẹ́. Ojú ọjọ́ tútù ni ara fẹ́.

Lójú tèmi, ìyára kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ọgbọ́n tó dájú jù. Àwọn kan a kọ àkókò tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi dé àwọn kìlómítà kan sára apá, nítorí orí tó ti rẹ̀ kì í lè ṣe ìṣirò mọ́. Fún ẹni tó ń lé 2:50:26, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lára apá ni ti kìlómítà 40: 2:41:34. Bí ó bá rí nọ́ńbà yẹn lójú aago, ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú àáyá 52 ló kù ún.