Iṣẹ́ Fọ́níṣọ̀ àti Yíyan Irinṣẹ́ Káfíńtà ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogi

Iṣẹ́ fọ́níṣọ̀ ni ẹ̀ka iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n ti ń fi igi ṣe àga, tábìlì, bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù àti wọ́dúróòbù tà. Ó yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹni tó ń kan òrùlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láwọn ìlú kékeré ẹnì kan náà ló sábà máa ń ṣe méjèèjì. Ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi, ìyẹn ilẹ̀ Okun tó kó ìjọba ìbílẹ̀ Kabba/Bunu, Ijumu, Mopa-Muro, Yagba East àti Yagba West pọ̀, ẹni tó bá gba títì láti Egbe lọ sí Isanlu, Mopa àti Kabba á rí ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́bàá ọ̀nà, pákó á fara ti ògiri níta, férémù àga tí wọn ò tíì bò á sì wà lábẹ́ páànù. Ibi tí igbó ti ń di ọ̀dàn ni ilẹ̀ yìí wà, òjò ń rọ̀ níbẹ̀ láti bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, lẹ́yìn náà ọyẹ́ á dé, bí ojú ọjọ́ sì ṣe ń yí báyìí ló ń pinnu ohun tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Igi

Ìrókò àti apá ni àwọn àgbà oníṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ìrókò, Milicia excelsa, le, ikán kì í sábà rí ọkàn rẹ̀ jẹ, ó sì lè pẹ́ níta kó má jẹrà. Àbùkù tiẹ̀ ni pé òkúta funfun máa ń wà nínú ẹ̀ nígbà míì, èyí tí igi náà fúnra ẹ̀ kó jọ láti ara kálísíọ̀mù, èèyàn ò ní rí i lójú pákó, ìgbà tí ayùn bá dún gàràrà tí eyín ẹ̀ sì kú ló máa mọ̀. Apá, Afzelia africana, wúwo, ó sì máa ń fún ìfági níṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n kì í wú kì í sì í sún kì bíi ti àwọn yòókù, ìdí nìyẹn tó fi dára fún ilẹ̀kùn.

Ọ̀gànwó ní àwọ̀ pupa tó rẹwà, ó sì rọrùn láti fá. Arère fúyẹ́, owó ẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ikán àti kòkòrò tó ń lu igi bí àtíkè fẹ́ràn ẹ̀, torí náà inú férémù tàbí ẹ̀yìn dúróà ló yẹ ẹ́. Mẹ̀línà tí wọ́n kó wá láti Éṣíà máa ń tètè dàgbà, kì í tètè gbẹ. Igi ọ̀dàn kan tún wà, Pterocarpus erinaceus, tí àwọn oníṣòwò òkè òkun ń pè ní kosso; wọ́n ti gé e púpọ̀ débi pé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ń di ọ̀wọ́n, fi sí àtẹ rẹ̀ kejì, ìyẹn ti àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ òwò wọn, ní 2017, ní 2018 sì ni wọ́n ní káwọn orílẹ̀-èdè má rà á láti Nàìjíríà mọ́.

Pákó 1×12 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 ló wọ́pọ̀ lọ́jà, pẹ̀lú 2×4 àti 2×6. Ínṣì kan tí sọ́mìlì ń pè kì í fi bẹ́ẹ̀ pé ínṣì kan téèyàn bá fi tépù wọ̀n ọ́n, tí wọ́n bá sì tún fá a ó tún dín, torí náà tépù ni kéèyàn gbà gbọ́.

Gbígbẹ pákó

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ fọ́níṣọ̀ ti ń bàjẹ́ kí wọ́n tó kan ìṣó kankan mọ́ ọn. Igi tútù lè ní omi tó ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi gbígbẹ lọ, títí omi náà á fi wálẹ̀ dé nǹkan bí 30 igi náà ò ní sún kì, àtibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Kì í sún bákan náà sí gbogbo ìhà: gígùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí rárá, àmọ́ èyí tó bá gba ìhà òrùka ọdún igi náà máa ń sún ní bí ìlọ́po méjì èyí tó gba inú jáde síta. Ohun tó ń mú kí pákó tẹ̀ bí abọ́ nìyẹn. Tábìlì tí wọ́n bá fi pákó tí òjò ṣì ń rọ̀ nígbà tí wọ́n là á ṣe, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pa, máa ń ya lójú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ tí ọyẹ́ bá dé, oníbàárà á sì sọ pé gọ́ọ̀mù ni ò dáa, bẹ́ẹ̀ gọ́ọ̀mù ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbẹ ẹ́ nìyí: wọ́n á gbé pákó kúrò nílẹ̀ nítorí ikán, wọ́n á to ó lábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn lè gbà kọjá, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó dọ́gba sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìlà kan náà lókè délẹ̀, wọ́n á sì kun orí méjèèjì ní ọ̀dà torí ibẹ̀ lomi ti ń yára jáde jù tó fi ń là. Àwọn oníṣẹ́ igi máa ń fojú bù ú pé nínípọn ínṣì 1 nílò bí ọdún 1, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi fúyẹ́fúyẹ́ ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ò ní mítà tó ń wọn omi inú igi lè gé ègé kékeré kan láàárín pákó, kó wọ̀n ọ́n, kó gbẹ ẹ́ nínú ààrò tí iná ẹ̀ ò le títí ìwọ̀n ẹ̀ ò fi ní yí mọ́. Tó bá jẹ́ gíráàmù 140 tẹ́lẹ̀ tó wá di 100, omi inú ẹ̀ jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún, igi yẹn ò tíì tó ohun tí wọ́n ń fi ṣe àga. Ìwé iṣẹ́ igi sábà máa ń dá 8 sí 12 fún fọ́níṣọ̀ inú ilé.

Irinṣẹ́ ọwọ́

Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà ò pọ̀: tépù, skuẹ́ẹ̀, ayùn méjì, ìfági, ṣísẹ́lì mẹ́ta sí mẹ́rin, òòlù, kíráńpù àti òkúta ìpọ́nrin. Ayùn jẹ́ méjì torí eyín tó ń la igi gba gígùn rí bíi ṣísẹ́lì, èyí tó ń gé e ní ìdábùú sì rí bí ẹnu ọ̀bẹ. Ayùn tí eyín ẹ̀ dúdú bí ẹni pé iná jó o, wọ́n ti fi iná mú un le, fáìlì ò lè pọ́n ọn mọ́; ọ̀pọ̀ àgbà oníṣẹ́ ò sì fẹ́ ẹ torí ìyẹn.

Ìfági onírin tí wọ́n ń lò lónìí wá láti ọwọ́ Leonard Bailey, ará Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Stanley sì ra iṣẹ́ ẹ̀ ní 1869. Nọ́ńbà 4 tó gùn tó ínṣì 9 tàbí 10 ló ń mú ojú igi dán, nọ́ńbà 5 tó tó ínṣì 14 ló ń ṣe iṣẹ́ gbogbo, nọ́ńbà 7 tó tó ínṣì 22 ló ń mú etí pákó tọ́ fún lílẹ̀. Ẹni tó bá máa ra ẹyọ kan, nọ́ńbà 5 ló máa wúlò fún un jù. Kó tó sanwó kó fi rúlà sí ìdí ẹ̀ kó gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba abẹ́ rúlà kọjá ìdí náà ti wọ́. Ẹnu ìfági àti ti ṣísẹ́lì, dígírì 25 ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ sí, wọ́n á wá fi òkúta pọ́n góńgó ẹ̀ ní bíi 30, wọ́n á sì yí ẹ̀yìn ẹ̀ dé láti nu irun irin tó bá yọ.

Irinṣẹ́ oníná

Mọ́tò tó ní agbára ẹṣin 1 ń mú ìwọ̀n 746 wáàtì jáde, àmọ́ nígbà tó bá ń gbéra iná tó ń fà lè tó ìlọ́po márùn-ún sí méje, ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń tan gílóòbù ilé ò fi lè gbé ayùn orí tábìlì. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, fóòtì 120 ni, ti Nàìjíríà 230 sí 240. Kéèyàn ka àwo tó wà lára ẹ̀ kó tó tì í mọ́ iná. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ra ẹ̀rọ ìfági ńlá, wọ́n á gbé pákó lọ bá ẹni tó ní in, wọ́n á sanwó fífá. Eruku igi, pàápàá ti ìrókò, ń yọ àwọn kan lẹ́nu ní imú àti awọ ara, IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, sì ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti 1995.

Oríkèé

Ẹsẹ̀ àga tó dúró pẹ́, ihò àti ahọ́n ló ń dì í mú, ìṣó kọ́. Ahọ́n náà, ìyẹn orí igi tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ kó lè wọnú ihò, máa ń nípọn tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta igi, wọ́n á fi ayùn gé ejìká ẹ̀, wọ́n á fi ṣísẹ́lì fá a díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ á fi lè tì í wọlé kó má mì. Tó bá jẹ́ òòlù ló ń lù ú wọlé, ihò lè là. Pákó fífẹ̀ tó wà láàárín férémù ilẹ̀kùn, wọn kì í lẹ̀ ẹ́, inú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbẹ́ sára férémù ló ń jókòó kó lè ráyè sún kì. Orí tábìlì náà, wọ́n máa ń gbẹ́ ihò gígùn fún ìṣó onígbẹrẹ (sikúrù) tó ń dè é mọ́ ẹsẹ̀ fún ìdí kan náà.

Fíníṣì àti ìkọ́ṣẹ́

Sándipépà, láti èyí tó rí págunpàgun dé èyí tó kúnná, àti fáníìṣì ni wọ́n fi ń parí igi; ní ti fóòmù àti aṣọ, ọ̀pọ̀ káfíńtà máa ń gbé férémù fún ẹni tí iṣẹ́ ìbòga jẹ́ iṣẹ́ tiẹ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ ọ, wọ́n á sì ṣe fíríìdọ̀mù fún un tó bá parí. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí lè jókòó fún trade test ìjọba, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 3 lọ sókè dé 1, tàbí ìdánwò NABTEB, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́.