Eyín gíà ni ká fura sí kẹ́yìn

Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, ìdájọ́ kan wà tí ó máa ń yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì nígbà tí ọlọ́kadà bá ti alùpùpù rẹ̀ dé, tí ó ní gíà kò wọlé mọ́. Wọ́n á ní eyín gíà ti jẹ, kí ó lọ wá owó wá, àfi kí àwọn tú ẹ́ńjìnnì. Ìdájọ́ náà a máa bá òótọ́ pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí ń lọ nínú àpótí gíà kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ohun tí ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà ni èrò pé bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ gíà, eyín kan yóò kúrò lára èkejì, eyín mìíràn yóò sì wá rọ́pò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pá méjì ni ó wà nínú àpótí gíà alùpùpù: ọ̀kan ń gba agbára lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì nípasẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì, èkejì ń gbé agbára náà fún ṣéènì. Gíà méjì méjì ni ó kọjú síra lórí àwọn ọ̀pá yìí, eyín wọn sì ti wọ inú ara wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti tò wọ́n, wọn kì í tú ká. Alùpùpù onígíà mẹ́rin, irú Boxer tí ó kún ojú pópó Rẹ́mọ, ní méjì méjì yìí lọ́nà mẹ́rin, gbogbo wọn ni ó sì ń yí pọ̀ nígbà tí alùpùpù bá ń lọ. Nínú méjì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń bá ọ̀pá rẹ̀ yí, èkejì ń yí lófo lórí ọ̀pá tirẹ̀, títí ohun kan yóò fi dè é mọ́ ọ̀pá náà.

Ẹni tí ó bá ti wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ti rí àpótí gíà ní gbangba. Gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni ó ti múra, aṣọ wọn ti bára mu, ijó ti gbóná lẹ́sẹ̀ wọn kí ó tó kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ètò bá pé, ẹgbẹ́ kan ni yóò bọ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan láti júbà, àwọn yòókù á máa jó níbi tí wọ́n wà. Ẹni tí ń pè wọ́n ni ó mọ ẹni tí ó kàn. Bí ẹgbẹ́ méjì bá já wọ ojú agbo pọ̀, wọn yóò kọ lu ara wọn, ijó yóò sì dúró. Bí gíà méjì bá sì dè mọ́ ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni táyà ẹ̀yìn yóò gan lójijì.

Ẹni tí ń pe gíà ni dúróòmù, irin róbótó kan tí wọ́n fín ojú ọ̀nà sí lára. Ìdí fọ́ọ̀kì gíà, irin tí ẹnu rẹ̀ di gíà mú, wà nínú ojú ọ̀nà yìí. Ibi tí ọ̀nà bá yà sí ni fọ́ọ̀kì ń yà sí, yóò sì ti gíà kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ kí àwọn èékánná irin tí ó wà lára rẹ̀ lè wọ ihò tí ó wà lára gíà tí ó múlé tì í. Èékánná wọ̀nyí ni ó ń de gíà mọ́ ọ̀pá. Nítorí pé lára irin kan náà ni wọ́n fín gbogbo ọ̀nà sí, ẹni tí ó wà lórí alùpùpù kò lè ṣèèṣì pe gíà méjì pọ̀, bí ó ti wù kí ìkánjú rẹ̀ pọ̀ tó. Ìtẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́ fi ń pààrọ̀ gíà, kí Harold Willis, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Velocette ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣe ìtẹ̀ kan ní apá ìparí àwọn ọdún 1920, èyí tí ń padà sí ipò rẹ̀ lẹ́yìn ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí kì í sì í gbé gíà ju ìṣísẹ̀ kan lọ.

Kí èékánná tó lè wọ ihò, tàbí kí ó jáde níbẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀bi sábà máa ń wà. Bí a bá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì tán tí alùpùpù ṣì ń fẹ́ fà lọ, tí gíà kìn-ín-ní ń wọlé pẹ̀lú ariwo gbàù, tí fírì, ipò tí gíà kankan kò wọlé, kò ṣe é rí àfi bí a bá pa ẹ́ńjìnnì, àwọn pléètì kílọ́ọ̀ṣì, àwo pẹlẹbẹ tí ń fún ara wọn láti gbé agbára ẹ́ńjìnnì, kò tú sílẹ̀ tán ni.

Ìdánwò tí yóò fi ìdí èyí múlẹ̀ kò gba sípánà kankan. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a máa ti alùpùpù síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa tẹ gíà lọ láti orí èkíní dé orí ẹ̀kẹrin. Títì náà ṣe pàtàkì, nítorí èékánná lè fi orí kan irin tí ó wà láàárín ihò méjì. Yíyí díẹ̀ ni yóò mú un bá ihò pàdé. Ìdí nìyí tí gíà kìn-ín-ní alùpùpù tuntun pàápàá fi lè kọ̀ lórí ìdúró, tí yóò sì wọlé bí a bá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀ kí a tó tún un fà. Bí gbogbo gíà bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tí wọ́n sì ń kọ̀ nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó bá ní kí a tú àpótí gíà ń fi owó olówó ṣòfò.

Wáyà kílọ́ọ̀ṣì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Orí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì yẹ kí ó rìn lófo ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, pléètì kò ní tú tán, bí kò bá sì rìn lófo rárá, pléètì yóò máa yọ̀. Bí wáyà bá dára, kí a ṣí ìdérí kílọ́ọ̀ṣì. Pléètì tí iná ti mú lè ti tẹ̀, pàápàá lára alùpùpù tí ń fi kílọ́ọ̀ṣì ààbọ̀ gun òkè pẹ̀lú àpò gaàrí méjì lẹ́yìn. Ibì kan tún wà tí ojú sábà máa ń fò, èyí ni àwọn ìka ilé kílọ́ọ̀ṣì níbi tí etí pléètì ń rìn. Bí a bá fi ọmọ ìka ra á lọ, tí a sì kan kòtò tínínrín tínínrín, inú kòtò wọ̀nyẹn ni pléètì ń há sí. Bí wọn kò bá jìn, fáìlì lè dán wọn. Bí wọ́n bá jìn, kí a pààrọ̀ ilé náà.

Ibi tí ètò alùpùpù kù sí ni pé ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì, gíà àti kílọ́ọ̀ṣì ọ̀pọ̀ alùpùpù jọ ń lò. Ọ́ìlì tí ó ti gbó a máa lẹ pléètì pọ̀ ní òwúrọ̀. Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ṣe láti dín epo kù sì lè mú kí pléètì máa yọ̀, nítorí náà ni ó fi dára kí a wo ara gálọ́ọ̀nù bóyá àmì JASO MA, tí ó fi hàn pé ọ́ìlì náà bá kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù mu, wà níbẹ̀.

Bí gíà bá kọ̀ síbẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, ìtẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò: ó lè ti tẹ̀ nígbà ìṣubú kan nínú ẹrẹ̀ tí ó fi ń gbá ara ìdérí ẹ́ńjìnnì, sípíríǹgì tí ń dá a padà lè ti kán, tàbí kí bóòtì rẹ̀ tú, kí eyín wẹ́wẹ́ tí ó fi di ọ̀pá mú sì ti jẹ. Àwọn kan á gbé èyí fún jórinjórin láti jó o pọ̀ mọ́ ọ̀pá. Ọjọ́ tí ọ́ìlì bá ń jò ní ìdí ọ̀pá náà, tí ìdérí sì gbọ́dọ̀ ṣí, wọn yóò wá máa fi ayùn gé e.

Gíà tí ń wọlé tí ó sì ń fò jáde nígbà tí a bá fún un ní iná ni ọ̀ràn tí ó yẹ kí a torí rẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì. Níbẹ̀ pàápàá, igun èékánná ni ó sábà máa ń ti yí róbótó, nítorí gíà tí a ń fi agídí tẹ̀ láìfa kílọ́ọ̀ṣì, tàbí kí fọ́ọ̀kì ti tẹ̀. Kí a pààrọ̀ gíà eléèékánná náà pọ̀ mọ́ gíà oníhò tí ó ń wọ̀, kí a sì wo fọ́ọ̀kì wọn kí a tó to ẹ́ńjìnnì padà, nítorí èékánná tuntun tí ó bá wọ ihò tí ó ti jẹ yóò tún fò jáde.